Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Nínú Oyún: Bí Ẹ Ṣe Máa Lò Ó Tí Yóò Fi Ṣiṣẹ́ fún Yín àti fún Ọmọ

"Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, síbẹ̀ wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Kí ló dé?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn aláboyún. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn náà kọ́ ló burú. Ohun tí wọ́n fi gbé e mì, ohun tí wọ́n jẹ tẹ̀lé e, tàbí àìsàn mìíràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń fà á.

Irin (iron), èyí tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀, ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Oyún kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ń gba irin tó tó 1,000 mg: nǹkan bí 300 mg ń lọ sára ọmọ àti ibi ọmọ, nǹkan bí 500 mg ń lọ sínú ẹ̀jẹ̀ tuntun tí ara ìyá ní láti ṣe, ìyókù ń bá ara jáde díẹ̀díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ni ọmọ ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ pamọ́. Ẹni tó dúró di oṣù kẹjọ kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ilẹ̀ ti ń ṣú bá a lọ́nà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ yín

1. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aláboyún. Ó dára kí ó jẹ́ kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹ tún un ṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ 36.
2. Bí wọ́n bá ní "ẹ̀jẹ̀ yín dáa", ẹ béèrè iye rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì yín pẹ̀lú déètì, nítorí ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀.
3. Ẹ mọ èyí tí láàbù ṣe fún yín, bóyá PCV (ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) ni tàbí Hb (ìwọ̀n èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀). Bí PCV ni, ẹ fi 3 pín in, ẹ ó rí nǹkan bí iye Hb. PCV 33 jẹ́ Hb 11.

Bí ẹ ṣe máa ka nọ́ńbà náà nìyí:

- Hb 11 sókè (PCV 33 sókè): ẹ̀jẹ̀ tó. Oògùn ìdènà ni ẹ ó máa lò.
- Hb 7 sí ìsàlẹ̀ 11 (PCV 21 sí 32): ẹ̀jẹ̀ kò tó. Oògùn ìwòsàn ni, kì í ṣe ti ìdènà.
- Hb tí kò tó 7 (PCV tí kò tó 21): ọsibítù lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Àwọn ọsibítù kan nílẹ̀ wa ń fi PCV 30 ṣe ààlà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí nọ́ọ̀sì kò bá bẹ̀rù PCV 31. Láti oṣù kẹrin lọ, omi inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ pupa lọ, bí ìgbà tí wọ́n bu omi lé ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gba Hb 10.5 láyè ní oṣù mẹ́ta àárín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí 105 tàbí 110 lórí ìwé yín. Nọ́ńbà kan náà ni, ẹ kàn fi 10 pín in.

Wíwo ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ kò tó. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tó hàn lójú ti pẹ́ lára.

Ẹ tú ọ̀rá oògùn yín sórí tábìlì

Inú ọ̀rá kékeré kan náà ni wọ́n sábà máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí: oògùn ẹ̀jẹ̀, folic acid, vitamin C, nígbà mìíràn calcium. Ilé la ti ń da gbogbo wọn sọ́wọ́ kan ṣoṣo, tí a ń fi omi gbé wọn mì pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí calcium kì í jẹ́ kí irin ráyè wọ ẹ̀jẹ̀.

Ohun kejì ni nọ́ńbà tó wà lára páálí. Iye yẹn kì í ṣe iye irin tó wà níbẹ̀, ìwọ̀n iyọ̀ tí wọ́n fi gbé irin náà ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "elemental iron" sí. Bí kò bá sí, ẹ lo èyí:

- Ferrous sulphate 200 mg (irú èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fẹ́sólétì): irin 65 mg
- Ferrous fumarate 200 mg: irin 65 mg
- Ferrous gluconate 300 mg: irin 35 mg

Fún ìdènà, irin 30 sí 60 mg lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ, pẹ̀lú folic acid 0.4 mg, láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí di ìgbà ìbí. Níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláboyún bíi tiwa, 60 mg ni wọ́n yàn. Hóró sulphate kan lójúmọ́ kájú rẹ̀. Gluconate kan kò kájú rẹ̀, méjì ni. Fún ìwòsàn, 120 mg lójúmọ́ ni, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi padà sípò, lẹ́yìn náà ẹ padà sí ti ìdènà. Dókítà yín ló máa sọ èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi inú ìgò dára fún ẹni tí kò lè gbé hóró mì, àmọ́ ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Irin tó wà nínú ṣíbí kan nínú òmíràn kò tó ìdajì hóró kan. Òmíràn sì ní ọtí nínú. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ fi sítíróò fà á, kí eyín má baà dúdú.

Bí ẹ ṣe máa gbé e mì

1. Ẹ yan àkókò kan tí kò ní yẹ̀. Èyí tó dára jù ni àárọ̀ kùtù, wákàtí kan kí ẹ tó jẹun. Bí inú bá ń rìn yín láàárọ̀, ẹ gbé e sí alẹ́, ó kéré tán wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ.
2. Omi ni ẹ ó fi gbé e mì, tàbí omi ọsàn tí ẹ fún fúnra yín. Ọsàn kan tó láti ṣí ọ̀nà fún irin. Bí ẹ bá ní vitamin C nínú ọ̀rá, ẹ lò ó mọ́ ọn.
3. Ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì kọjá kí ẹ tó mu tíì, nítorí òun náà kì í jẹ́ kí irin ráyè wọ ẹ̀jẹ̀. Tíì tí à ń wí kì í ṣe elewé nìkan o. Oníkòkó tí ẹ po mílíìkì sí wà nínú rẹ̀, kọfí náà wà nínú rẹ̀.
4. Calcium di ọ̀sán, pẹ̀lú oúnjẹ. Oògùn àyà títa, yálà olómi funfun ni tàbí èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí méjì.
5. Bí ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ lo ti ọ̀la lọ́la. Ẹ má ṣe lo méjì pọ̀ láti san gbèsè.
6. Nínú ààwẹ̀, ẹni tí dókítà gbà láyè láti gbà á lè lò ó lálẹ́, wákàtí méjì lẹ́yìn ìṣínu, dípò kí ó gbé e mọ́ tíì sàárì.

Àwọn kan ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nítorí wọ́n rò pé ìlọ́po mẹ́ta ni yóò wọ ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí irin bá ti wọlé, ara máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òmíràn fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Èyí tí kò ráyè wọlé ló ń dúró sínú ìfun, òun ló ń fa ìgbẹ́ líle àti inú rírun. Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè lò ó lẹ́ẹ̀kan.

Bí oògùn náà bá ń yọ yín lẹ́nu

Ìgbẹ́ dúdú: ó yẹ bẹ́ẹ̀. Irin tí ara kò gbà ni. Àmọ́ bí ó bá dúdú, tó ń fà bí ọ̀dà, tó ń rùn lọ́nà tí ẹ kò mọ̀ rí, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ lọ sí ọsibítù.

Ìgbẹ́ líle: ẹ mu omi púpọ̀ sí i, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kí ẹ sì máa rìn. Ẹ má fọwọ́ ara yín ra oògùn ìyàgbẹ́, àgbo ìyàgbẹ́ náà kò dára nínú oyún.

Èébì àti àyà títa: ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀. Èyí tí yóò wọ ara yóò dín kù, ṣùgbọ́n ó sàn ju èyí tí ẹ pọ̀ dànù lọ. Bí kò bá tíì lọ, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ irú rẹ̀, tàbí kó jẹ́ kí ẹ máa lò ó ní ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan. Ohun tó burú jù ni pé ká jù ú síbi àpótí, ká sì máa sọ fún nọ́ọ̀sì pé a ń lò ó. Nọ́ọ̀sì yóò rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, yóò sì gbé èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ wá.

Oúnjẹ, àti ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì pẹ̀lú mílíìkì

Bí wọ́n bá ti ní ẹ̀jẹ̀ aláboyún kò tó, ohun tí ìyá ọkọ, ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ó po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì. Àwọ̀ mọ́ọ̀tì ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀, irin tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, calcium inú mílíìkì sì tún ń dínà èyí tó bá wà nínú oúnjẹ tí ẹ jẹ mọ́ ọn. Tòmátì agolo tí àwọn mìíràn ń pò sí i pupa lóòótọ́, àmọ́ pupa kọ́ ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ mu mọ́ọ̀tì yín bí ó bá wù yín. Ẹ má kàn kà á mọ́ oògùn.

Omi ewé ugwu tútù ńkọ́? Ewé náà dára. Sísè ni kí ẹ sè é sọ́bẹ̀. Bí omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ kò bá mọ́, inú rírun ni yóò kẹ́yìn rẹ̀, kò sì lè rọ́pò hóró kan.

Irin inú ẹran, ẹja, ìgbín àti ìṣáwùrú ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà máa ń lọ́ra, ó nílò ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́. Ẹran díẹ̀ nínú ọbẹ̀ lè fà á, ọsàn náà lè fà á. Nítorí náà:

- Ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja, kí ẹ jẹ ọsàn tàbí àgbálùmọ̀ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Tíì di wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀.
- Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ pẹ̀lú ẹran, ata àti tòmátì tútù. Ẹ má bọ̀ ọ́ pẹ́ jù: folate (folic acid inú oúnjẹ) àti vitamin C ń bá omi tí ẹ fún dànù lọ.
- Ẹ̀dọ̀: irin pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n vitamin A inú rẹ̀ pọ̀ débi tó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ẹ yẹra fún un pátápátá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí aláboyún má jẹ ẹ́ rárá títí yóò fi bí.

Ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ ìgbín kí ọmọ má baà máa da itọ́, kí ó jẹ ìgbín rẹ̀, kó ṣáà jinná. Gbogbo ọmọ ló ń da itọ́.

Bí amọ̀, yìnyín tàbí ìrẹsì tútù bá ń wù yín jẹ, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé irin ti tán lára, amọ̀ náà sì tún ń di èyí tó kù mú sínú ìfun. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì láìtijú.

Ohun tó ń jo ẹ̀jẹ̀ nù

Bí a bá ń bu omi sínú ìkòkò tó ń jò, kò ní kún. Ibà àti aràn ló sábà máa ń da ìkòkò náà lu.

*Ibà.* Ẹ máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba oògùn SP (èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fansidar) láti ọ̀sẹ̀ 13, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà níwájú nọ́ọ̀sì, kí oṣù kan ó kéré tán wà láàárín ìkan àti ìkejì, kí ó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó bí. Ẹni tó ń lo co-trimoxazole (Septrin) nítorí HIV kò gbọ́dọ̀ lo SP. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé folic acid 5 mg, èyí tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì, ń sọ SP di aláìlágbára. 0.4 mg kì í ṣe é ní nǹkan kan. Bí 5 mg ni wọ́n fún yín, ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá gba SP.

*Aràn.* Ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, albendazole 400 mg tàbí mebendazole 500 mg. Ẹ má lò ó ṣáájú ìgbà náà.

*Jínótáìpù SS.* Ẹ dúró ná! Àìtó ẹ̀jẹ̀ fọ̀níkúfọ̀ladìde kì í ṣe ti àìtó irin, irin sì lè ti pọ̀ jù lára ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ rí. Folic acid ni tiyín. Ẹ má fọwọ́ kan irin àfi bí dókítà bá ti yẹ ferritin yín wò. Ferritin ló ń sọ iye irin tó wà ní ìpamọ́. Bí kò bá tó 30, àpò ti ń gbẹ. Àmọ́ ibà àti àrùn mìíràn máa ń gbé e sókè, nítorí náà ferritin tó dára lọ́jọ́ tí ara ń gbóná kò fi bẹ́ẹ̀ sọ òótọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gòkè

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 tí ẹ bá ti ń lo ti ìwòsàn, Hb yẹ kó ti fi ó kéré tán 1 lé, ìyẹn PCV 3. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rù, ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè yìí:

- Ṣé lóòótọ́ ni mo ń lò ó lójoojúmọ́?
- Ṣé tíì, mílíìkì tàbí calcium kò bá a pàdé?
- Ṣé wọ́n ti yẹ ibà, jínótáìpù, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wò?
- Ṣé mo ń rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara, tàbí jẹ̀díjẹ̀dí mi ń ṣẹ̀jẹ̀?

Bí gbogbo rẹ̀ bá dáa, irin tí wọ́n ń fi dírípù sí iṣan wà. Wọn kì í fi sí i ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọsibítù tó lè tọ́jú ara tó bá kọ̀ ọ́ lójijì sì ni kí ẹ ti gbà á. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláboyún ní Èkó àti Kano, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2024, fi í wé hóró oògùn. Dírípù kún àpò irin ju hóró lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 36, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí hóró ń ṣiṣẹ́ fún kò nílò láti ta aṣọ rẹ̀ nítorí dírípù. Ó wúlò fún ẹni tí inú rẹ̀ kọ hóró, tàbí tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́lé. Abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gún sí ìdí ní kẹ́míìsì, ẹ má gbà á: ó ń dunni, ó sì ń fi àpá dúdú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀: ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta

Bí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ibi. Bí wọ́n bá tètè di ìwọ́, ẹ̀jẹ̀ náà bá ibi lọ. Bí wọ́n bá dúró, ó ń ṣàn padà sínú ọmọ, irin inú rẹ̀ ni yóò sì máa ná fún oṣù púpọ̀.

1. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín: kí wọ́n má di ìwọ́ kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló dára jù.
2. Kí wọ́n nu ọmọ gbẹ, kí wọ́n gbé e lé ìyá láyà, kí wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ìyá kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà kò dí èyí lọ́wọ́.
3. Ó ṣeé ṣe nínú iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ béèrè.
4. Bí ọmọ kò bá mí, tí wọ́n ní láti fi bálúù fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n lè gé e kíá. Ẹ má bá wọn jà.

Bí ìyá bá ti bímọ, kò tíì parí. Ẹ máa lo irin lọ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀.

Ọmọ tuntun

Ọmọ tó pé oṣù, tó wọ̀n tó 2.5 kg sókè, ní irin tó lè gbé e dé nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọmú nìkan tó o. Irin inú omi ọmú kò pọ̀, àmọ́ ara ọmọ ń gbà á dáadáa. Kò nílò oògùn ẹ̀jẹ̀, kò sì nílò àgbo. Ní nǹkan bí oṣù méjì, PCV rẹ̀ tó ju 45 lọ nígbà ìbí lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 30. Bí ó bá ń mu ọmú, tó sì ń wọ̀n sí i, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Àwọn tí àpò tiwọn kò kún: ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tí kò tó 2.5 kg, ìbejì, àti ọmọ ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an tàbí tó ní àtọ̀gbẹ. Dókítà lè kọ irin 2 sí 4 mg fún kílò kan lójúmọ́ fún wọn. Ọmọ 2 kg tí wọ́n kọ 2 mg fún, 4 mg ni yóò gbà. Àṣìṣe tó léwu níbí ni ká pààrọ̀ oògùn alákànsílẹ̀ (drops, èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu) pẹ̀lú ti ṣíbí. Ti alákànsílẹ̀ le ju ti ṣíbí lọ, nítorí náà ohun èlò tó bá ìgò yẹn wá nìkan ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Láti oṣù mẹ́fà, ògì lásán kò tó. Ẹ po edé lílọ̀, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin sísè tàbí ẹ̀wà tí ẹ ti bó èèpo rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ẹ má fún un ní tíì, ẹ má sì fi mílíìkì màlúù rọ́pò ọmú kó tó pé ọdún kan.

Ẹ sáré lọ sí ọsibítù bí:

- ìyá bá ń mí gúlegúle lórí ìjókòó, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tàbí tó dákú
- ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lójú ara, kí ẹ tó bí tàbí lẹ́yìn ìbí
- àtẹ́lẹwọ́ àti ètè ọmọ bá funfun, tí kò mu ọmú mọ́, tó ń mí kíákíá, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú
- ọmọdé kan nínú ilé bá gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ yín mì. Ó dà bíi súìtì lójú wọn, hóró mélòó kan péré sì lè pa ọmọ ọdún méjì. Ẹ má dúró de èébì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ gbé e lọ pẹ̀lú páálí oògùn náà lọ́wọ́.